Ta Ló Kọ́ Ìyá Kékeré Ní Ìgbátí?

Ọ́fíìsì kékeré kan ni, nínú ilé ìwé jẹ́léósinmi: tábìlì kan, àga méjì, rédíò kan lórí pẹpẹ, àti fèrèsé tí ó dojú kọ pápá ìṣeré. Ọ̀gá olùkọ́, obìnrin tí irun rẹ̀ ti funfun ṣùgbọ́n tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò tíì tẹ̀, jókòó ti ìwé ńlá kan. Atúnrédíòṣe àdúgbò, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Onírédíò, ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé tòun ti àpò irinṣẹ́ rẹ̀ ní èjìká.

ONÍRÉDÍÒ: Ẹ káàárọ̀ o, Ọ̀gá mi. Wọ́n ní ẹ ń pè mí kíákíá. Èwo ló dákẹ́?

Ọ̀GÁ: Kò sí èyí tí ó dákẹ́. Jókòó.

ONÍRÉDÍÒ: (ó ń wo pẹpẹ) Ìyẹn ńkọ́?

Ọ̀GÁ: Mo ní kò sí èyí tí ó dákẹ́! Ọ̀rọ̀ Ìyá Kékeré, ọmọ rẹ, ni mo tìtorí rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ. Gbé àpò yẹn sílẹ̀, kí o sì jókòó bí ọmọlúàbí. Láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ ọ ní kíláàsì kìíní, o kò tíì mọ bí a ti ń lo àga.

ONÍRÉDÍÒ: (ó pa orúnkún pọ̀, ó gbé ọwọ́ lé itan) Mo ti jókòó, mà. Kí ni Ìyá Kékeré ṣe?

Ọ̀GÁ: Ó gbá ọmọ kan létí.

ONÍRÉDÍÒ: Ìyá Kékeré? Ọmọ ọdún mẹ́rin? Ọmọ náà ló kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án!

Ọ̀GÁ: Ọmọ náà kì í fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni. Kì í tilẹ̀ sọ̀rọ̀. Dákẹ́jẹ́ẹ́ ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é. Ó jókòó jẹ́jẹ́ sí àyè rẹ̀, ó ń wo àwọn eèrà tó ń kọjá.

ONÍRÉDÍÒ: Kì í sọ̀rọ̀ rárá?

Ọ̀GÁ: Rárá.

ONÍRÉDÍÒ: Láti ìgbà wo, mà?

Ọ̀GÁ: Kí ni ìyẹn kàn ọ́?

ONÍRÉDÍÒ: Mo kàn ń béèrè ni. Ṣé ó ń sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ kó tó dákẹ́ lójijì, àbí díẹ̀díẹ̀ ni ohùn náà ń lọ sílẹ̀?

Ọ̀GÁ: Onírédíò!

ONÍRÉDÍÒ: Ẹ má bínú, mà.

(Ọ̀gá ṣí ìwé ńlá náà. Ó yí i kí Onírédíò lè rí i, ó sì fi ìka tẹ ojú ewé náà.)

Ọ̀GÁ: Ṣé o rí ìwé yìí? Ìwé ìwà ni. Èmi ni mo dá a sílẹ̀, èmi náà ni mo sì ṣe òfin rẹ̀, ó sì ti rẹ àwọn tí kò fẹ́ ẹ kí wọ́n tó lè mú mi yí i padà. Kò sí ọmọ tí ó ti inú ìyá rẹ̀ gbé ìgbátí wá sáyé. Ibì kan ni ó ti rí i. Nítorí náà, bí ọmọ bá lu ọmọ, a ó kọ orúkọ rẹ̀ síbí. A ó kọ ohun tí ó ṣe síbí. Lẹ́yìn náà ni a ó wá dé orí ìlà yìí. Kà á.

ONÍRÉDÍÒ: (ó tẹ̀ síwájú) "Ọwọ́ ta ni ó ti kọ́ ọ?"

Ọ̀GÁ: Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà lórí ìlà yìí yóò fọwọ́ sí i pé òun kò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́ níwájú ọmọ. Bí ó bá ti fọwọ́ sí i, ọmọ yóò padà sí kíláàsì rẹ̀, ọ̀rọ̀ parí.

ONÍRÉDÍÒ: Bí ẹnikẹ́ni kò bá fọwọ́ sí i ńkọ́?

Ọ̀GÁ: Agogo ìsinmi yóò lù ní aago mẹ́wàá. Bí ìlà yìí bá ṣófo nígbà náà, ìwọ àti ọmọ rẹ ni ẹ ó jọ gba ẹnu géètì jáde, kò sì ní padà wá mọ́.

ONÍRÉDÍÒ: (ó dìde, ó tún jókòó) Háà! Ọ̀gá, ẹ ṣàánú mi. Ìyá rẹ̀ ń tọ́jú aláìsàn ní ilé ìwòsàn láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ṣọ́ọ̀bù mi ni ọmọ náà máa wà. Irin gbígbóná ni mo fi ń yọ́ òjé níbẹ̀, mà. Wáyà tó wà nílẹ̀ kò lónkà. Ọjọ́ tí ẹ fún wọn ní ìsinmi lọ́sẹ̀ tó kọjá, n kò ju ìṣẹ́jú kan lọ tí mo fi yíjú, ó ti fi ìka kan irin náà.

Ọ̀GÁ: Mo rí ìka náà. Olùkọ́ rẹ̀ ló ń bá a fi òróró pa á. Nítorí ìka yẹn ni mo ṣe ránṣẹ́ pè ọ́ dípò kí n kàn fa ìlà pupa sórí orúkọ rẹ̀. Ó yá. Orúkọ.

ONÍRÉDÍÒ: (ó fọwọ́ nu ojú) Orúkọ yẹn, inú ìwé yìí nìkan ló máa wà?

Ọ̀GÁ: Inú ìwé yìí, àti ẹ̀dà kan lára ògiri ẹnu géètì, fún odidi táàmù kan.

ONÍRÉDÍÒ: Níbi tí gbogbo òbí ti máa kà á?

Ọ̀GÁ: Kí wọ́n lè kà á ni a ṣe lẹ̀ ẹ́ síbẹ̀.

ONÍRÉDÍÒ: Oníbàárà mi ni gbogbo wọn!

Ọ̀GÁ: Nígbà náà, wọ́n á mọ ẹni tí wọ́n ń gbé rédíò wọn fún.

(Onírédíò ronú. Ojú rẹ̀ yí ká gbogbo yàrá náà bí ẹni tí ń wá súkúrù tó já bọ́. Lójijì ó pàtẹ́wọ́ kan.)

ONÍRÉDÍÒ: Mo ti rí i! Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, mà: tọkọtaya tó wà ní yàrá kejì sí wa. Àwọn ni! Kò sí ìrọ̀lẹ́ kan tí wọn kì í ju ìkòkò lu ara wọn. Ìyàwó á ní òun ń lọ, ọkọ á ní kó tètè lọ, ilẹ̀ á mọ́, wọ́n á tún wà níbẹ̀.

Ọ̀GÁ: Ìyá Kékeré ń wọ yàrá wọn?

ONÍRÉDÍÒ: Rárá o! Ògiri wà láàárín wa.

Ọ̀GÁ: Èyí ni pé ó gbọ́ wọn, kò rí wọn.

ONÍRÉDÍÒ: Ó gbọ́ wọn dáadáa, mà.

Ọ̀GÁ: Ọmọ rẹ kò ju ìkòkò. Ọmọ rẹ tẹ̀ lé ìlànà. Ó ṣe èkíní, ó ṣe èkejì, ó ṣe ẹ̀kẹta, kò fo ọ̀kankan. Ìlànà kì í gba inú ògiri kọjá. Ẹlòmíràn.

ONÍRÉDÍÒ: Ẹ kọ tẹlifíṣọ̀n, mà. Ohun tí wọ́n ń ṣe nínú tẹlifíṣọ̀n lóde òní, àgbàlagbà gan-an ò gbọdọ̀ wò ó.

Ọ̀GÁ: Ẹ ní tẹlifíṣọ̀n nílé?

ONÍRÉDÍÒ: Mẹ́sàn-án, mà.

Ọ̀GÁ: Mẹ́sàn-án!

ONÍRÉDÍÒ: Àwọn ènìyàn ló kó wọn wá fún àtúnṣe.

Ọ̀GÁ: Mélòó ló ń ṣiṣẹ́ nínú wọn?

ONÍRÉDÍÒ: (ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀) Kò tíì sí, mà.

Ọ̀GÁ: Tẹlifíṣọ̀n mẹ́sàn-án tí ojú wọn dúdú kirikiri ni ó kọ́ ọmọ rẹ ní ìjà. Ṣé kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀? Ṣé kí n pe tẹlifíṣọ̀n náà wá fọwọ́ síwèé?

ONÍRÉDÍÒ: Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Ó ku ẹnìkan. Mi ò fẹ́ dárúkọ rẹ̀ nítorí àlàáfíà ilé, àmọ́ nígbà tó ti di dandan... ẹ kọ ìyá ìyàwó mi.

Ọ̀GÁ: Ìyá ìyàwó rẹ ń lu ènìyàn?

ONÍRÉDÍÒ: Ojú ló fi ń lu ènìyàn, mà. Bó bá wò mí báyìí, ńṣe ni ara máa ń ta mí títí di ọjọ́ kejì.

Ọ̀GÁ: Ìgbà wo ni ó wá sọ́dọ̀ yín gbẹ̀yìn?

ONÍRÉDÍÒ: Ọdún kẹta rèé.

Ọ̀GÁ: Ọmọ ọdún kan ni Ìyá Kékeré nígbà náà.

ONÍRÉDÍÒ: Ó ti ń ríran, mà.

(Ọ̀gá bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún gbé e wọ̀. Ó ṣe é pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ọwọ́ òun dán nǹkan mìíràn wò.)

Ọ̀GÁ: Ó ti hàn sí mi pé ojú rẹ kò lè rí ibi tí imú rẹ wà. Dákẹ́, kí o sì gbọ́ ohun tí olùkọ́ kíláàsì kọ sílẹ̀. (ó ń kà) "Aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìyá Kékeré dúró níwájú Dákẹ́jẹ́ẹ́, ó káwọ́ gbera, ó wò ó láti òkè délẹ̀. Ó ní: Kí ló ṣe èyí?"

ONÍRÉDÍÒ: (ó rẹ́rìn-ín músẹ́) Ọmọ tó máa ń fẹ́ mọ̀dí nǹkan ni.

Ọ̀GÁ: "Ó di èjìká rẹ̀ méjèèjì mú, ó mì í jìgìjìgì. Ó ní: Nǹkan kan ti já nínú ẹ̀."

(Onírédíò wúkọ́.)

Ọ̀GÁ: "Ó gbé etí lé e láyà. Ó ní: Iná ń wọ inú ẹ̀, ohùn ni kò jáde."

(Onírédíò tún wúkọ́, èyí sì gùn díẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ.)

Ọ̀GÁ: "Ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i lọ́rùn lẹ́ẹ̀mejì."

ONÍRÉDÍÒ: Eruku nìyẹn.

Ọ̀GÁ: Kí lo wí?

ONÍRÉDÍÒ: Mi ò wí nǹkan kan, mà.

Ọ̀GÁ: "Lẹ́yìn náà ni ó gbé ọwọ́ sókè, ó sì gbá a ní ẹ̀gbẹ́ etí òsì, gbàà!"

ONÍRÉDÍÒ: Òsì kẹ̀? (ó mi orí) Ó ti kánjú. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀, kó rọra, kó tó wá... (ó rí ojú Ọ̀gá) Ó burú, mà. Ó burú jáì.

Ọ̀GÁ: "Dákẹ́jẹ́ẹ́ figbe ta. Wọ́n gbọ́ ọ títí dé ilé ìdáná."

ONÍRÉDÍÒ: Dákẹ́jẹ́ẹ́ tí kì í sọ̀rọ̀?

Ọ̀GÁ: Òun náà.

ONÍRÉDÍÒ: (ó na ọwọ́ méjèèjì, inú rẹ̀ dùn) Ẹ ò rí i pé ó ṣiṣẹ́!

(Ọ̀gá gbé ojú sókè kúrò nínú ìwé.)

Ọ̀GÁ: Kí ni ó ṣiṣẹ́?

ONÍRÉDÍÒ: Mo ní... mo ní iṣẹ́ burúkú ni, mà.

Ọ̀GÁ: "Mo sáré débẹ̀. Ìyá Kékeré ti nu ọwọ́ sára aṣọ rẹ̀. Ó ní: Ẹ lè máa gbé e lọ. Ẹ má jẹ́ kó wà nínú oòrùn." Ìyẹn kò tíì dùn mí tó bí èyí tí ó tẹ̀ lé e. Wọ́n ránṣẹ́ sí ìyá Dákẹ́jẹ́ẹ́. Ìyá dé, ó gbé ọmọ mọ́ra, ó ń béèrè pé kí ló ṣe ọmọ òun. Ọmọ rẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó pòṣé, ó ní: "Ẹni tí ẹ kọ́kọ́ gbé e fún ló bà á jẹ́."

(Onírédíò fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu. Èjìká rẹ̀ ń mì.)

Ọ̀GÁ: O ń rẹ́rìn-ín? Obìnrin náà sunkún ju ọmọ lọ! Nílé wọn, ìyá ọkọ ló ń bá a tọ́jú ọmọ yẹn. Ó sáré lọ síbẹ̀, wọn kò sì tíì parí ìjà náà títí di báyìí.

ONÍRÉDÍÒ: Ẹ má bínú, mà. Àmọ́ òótọ́ ni. A máa ń sọ ọ́ fún gbogbo oníbàárà, kí wọ́n má bàa...

Ọ̀GÁ: "A." Àwa wo?

ONÍRÉDÍÒ: Àwọn... àwọn ènìyàn.

Ọ̀GÁ: Àwọn ènìyàn wo?

(Onírédíò fò dìde. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè bí ẹni tí ń jẹ́rìí ní kóòtù.)

ONÍRÉDÍÒ: Ọ̀gá, ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ń lọ ti yé mi, n kò sì ní gbà. Èmi kọ́! N kò lu ènìyàn rí. N kò lu ìyàwó mi rí, n kò lu ọmọ mi rí, ẹ bi gbogbo ilé. Ẹ̀fọn gan-an, bó bá bà lé mi, ńṣe ni mo máa ń fẹ́ ẹ lọ...

(Rédíò orí pẹpẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ṣàà, ó sì dákẹ́. Onírédíò kò dá ọ̀rọ̀ rẹ̀ dúró. Ó rìn lọ sídìí pẹpẹ, ó gbé rédíò náà, ó mì í, ó gbé etí tì í.)

ONÍRÉDÍÒ: ...nítorí onísùúrù ni mí. Gbogbo àdúgbò mọ̀ mí. Bí ẹnìkan bá bú mi, mo máa ń kí i ni. (ó yí ẹ̀yìn rédíò padà, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́ẹ̀mejì) Ọwọ́ mi yìí tí ẹ ń wò, mà, láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi... (ó gbá rédíò lẹ́gbẹ̀ẹ́, gbàà!)

RÉDÍÒ: ...ohun tí aago wí ni aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàdínláàádọ́ta.

ONÍRÉDÍÒ: (ó gbé e padà sáyè rẹ̀, ó nu ọwọ́ sára aṣọ, ó padà wá jókòó) ...kò tíì gbá nǹkan kan rí.

(Ọ̀gá ń wò ó.)

Ọ̀GÁ: Kí lo ṣe yẹn?

ONÍRÉDÍÒ: Mo ń búra, mà.

Ọ̀GÁ: Nídìí pẹpẹ.

ONÍRÉDÍÒ: Ta ló dé ìdí pẹpẹ?

Ọ̀GÁ: Rédíò mi dákẹ́. Ó tún ń sọ̀rọ̀. Ta ló mú un sọ̀rọ̀?

(Onírédíò wo rédíò. Ó wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀, bí ẹni tí wọ́n yá ní ọwọ́ ẹlòmíràn. Ó rọra fi í sábẹ́ itan.)

ONÍRÉDÍÒ: Àmọ́ rédíò kì í ṣe ènìyàn!

Ọ̀GÁ: Ìwọ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni òun. Ó rí ohun tí ó dákẹ́; ó rí bàbá rẹ̀ tí ó gbá a; ó rí ohun náà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀; ó rí oníbàárà tí ó rẹ́rìn-ín, tí ó ní ẹ ṣeun, ẹ kú iṣẹ́. Lójoojúmọ́ ayé! Ṣé o rò pé yóò dúró kí ó kọ́kọ́ bi ọ́ léèrè èyí tí ó ní bátìrì àti èyí tí ó ní ẹ̀jẹ̀?

ONÍRÉDÍÒ: N kò sọ fún un pé kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ní alaalẹ́ ni mo ń sọ fún un pé ìjà ò dáa.

Ọ̀GÁ: O kò sọ fún un pé kí ó máa fi ẹsẹ̀ òsì wọ́lẹ̀ bí ó bá ń rìn. Wò ó láti fèrèsé nígbà tó bá ń kọjá. O kò sọ fún un pé kí ó máa ha ìdí etí kí ó tó dáhùn ìbéèrè. Gbé ọwọ́ rẹ kúrò ní ìdí etí rẹ!

(Onírédíò sọ ọwọ́ kalẹ̀ kíá.)

Ọ̀GÁ: Ẹ bí ọmọ tán, ẹ rò pé etí nìkan ló ní. Ojú ńkọ́? Gbogbo ohun tí ẹ ń wí kò kàn án. Ohun tí ẹ ń ṣe nígbà tí ẹ kò mọ̀ pé ẹ ń ṣe é, ìyẹn ló ń kó pamọ́. Gba bírò. Kọ orúkọ rẹ.

(Onírédíò gba bírò. Ó tẹ̀ mọ́ ìwé, ó tún dúró.)

ONÍRÉDÍÒ: Ṣé mi ò lè kọ "bàbá kan"?

Ọ̀GÁ: Orúkọ rẹ!

ONÍRÉDÍÒ: Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ka ohun tí mo ń fọwọ́ sí tán. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi bẹ́ẹ̀ ní kíláàsì.

Ọ̀GÁ: Mo ti kà á fún ọ.

ONÍRÉDÍÒ: Ẹ ka ojú ewé kan, mà. Ìwé yìí ní ẹ̀yìn. (ó ṣí i, ó ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan) "Mo gbàgbé láti kọ ọ́ pé, kí n tó débẹ̀, Ìyá Kékeré ti ní kí Dákẹ́jẹ́ẹ́ kúnlẹ̀, kí ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, kí ó sì pa ojú dé."

Ọ̀GÁ: Ìyẹn kò ṣe pàtàkì.

ONÍRÉDÍÒ: Rédíò kì í kúnlẹ̀, mà.

Ọ̀GÁ: Mo ní kò ṣe pàtàkì.

ONÍRÉDÍÒ: Ọdún kejìdínlógún rèé tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí. N kò tíì rí rédíò tó na ọwọ́ méjì sókè. Ọ̀pá kan ṣoṣo ló máa ń yọ lórí wọn, ìyẹn àwọn tó bá ṣì dára. Wọn ò sì ní ojú tí wọ́n máa pa dé. (ó ń kà lọ) "Ó mú rúlà, ó kàn án mọ́ ọn lórí lẹ́ẹ̀mẹta, ó ní: Orí garawa! Ìgbà wo ni nǹkan máa dúró nínú ẹ̀?"

(Ọ̀gá na ọwọ́ láti gba ìwé. Onírédíò fà á sẹ́yìn, pẹ̀lú ọ̀wọ̀.)

ONÍRÉDÍÒ: Ta ló ń sọ "orí garawa", mà?

Ọ̀GÁ: Ọ̀rọ̀ tí ó wọ́pọ̀ ni.

ONÍRÉDÍÒ: Kò wọ́pọ̀. Ẹnu kan ṣoṣo ni mo ti gbọ́ ọ láyé mi. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí. Mo wà lórí ìkúnlẹ̀, ojú mi wà ní pípadé, nítorí náà n kò lè sọ pé mo rí ẹni náà. Àmọ́ ohùn rẹ̀ kò yí padà títí di òní.

Ọ̀GÁ: Ìbáwí nìyẹn! Ìbáwí yàtọ̀ sí ìjà.

ONÍRÉDÍÒ: Ẹ̀yin mọ̀ bẹ́ẹ̀, mà. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni òun.

Ọ̀GÁ: Má fi ọ̀rọ̀ mi dá mi lóhùn.

ONÍRÉDÍÒ: Ọ̀rọ̀ yín náà ni mo mọ̀, mà. Ọwọ́ yín ni mo ti kàwé.

(Ọ̀gá dìde. Ó tún àwọn ìwé tó ti wà létòlétò tẹ́lẹ̀ tò lórí tábìlì.)

Ọ̀GÁ: Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ aṣọ́nà ẹnu géètì. Ẹnu ọkùnrin yẹn kò mọ́.

ONÍRÉDÍÒ: Aṣọ́nà ń wọ inú kíláàsì?

Ọ̀GÁ: Ó máa ń gba ẹ̀gbẹ́ fèrèsé kọjá.

ONÍRÉDÍÒ: Pẹ̀lú rúlà?

Ọ̀GÁ: Tàbí olùkọ́ tuntun yẹn, èyí tí ó dé ní ọjọ́ Ajé.

ONÍRÉDÍÒ: Ọjọ́ Ajé tó kọjá yìí? Kò tíì mọ orúkọ gbogbo wọn, ó ti mọ orí tó jẹ́ garawa? Ẹ kúkú kọ ìyá ìyàwó mi, mà. Kò níṣẹ́ lọ́wọ́.

Ọ̀GÁ: (ó gbá rúlà mú lórí tábìlì) O fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ọ́fíìsì mi? Èmi tí mo fi ogójì ọdún tọ́ ọmọ ọlọ́mọ? Gbọ́ mi dáadáa, mi ò ní tún un sọ. (ó ń fi rúlà lu tábìlì) Èmi! Kì í! Lu! Ọmọ!

(Kò sí ẹnikẹ́ni lórí àga kejì mọ́. Ọ̀gá yọjú wo òdìkejì tábìlì. Onírédíò wà lórí ìkúnlẹ̀ nílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lókè, ojú rẹ̀ sì wà ní pípadé gbọingbọin.)

Ọ̀GÁ: Kí lò ń ṣe nílẹ̀?

ONÍRÉDÍÒ: N kò mọ̀, mà. Orúnkún mi ló mọ̀.

Ọ̀GÁ: Dìde.

ONÍRÉDÍÒ: Ṣé kí n lajú, mà?

(Ọ̀gá wo rúlà ọwọ́ rẹ̀, ó gbé e sínú dúrọ́ọ̀, ó sì ti dúrọ́ọ̀ náà jẹ́jẹ́. Onírédíò lajú fúnra rẹ̀, ó dìde, ó gbọn eruku orúnkún. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Lórí pẹpẹ, rédíò ní aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú méjì.)

ONÍRÉDÍÒ: Ọ̀gá, àsìkò ti ń lọ. Ẹ jẹ́ ká fi àríyànjiyàn sílẹ̀. (ó tún mú bírò) Mo gbà. Ẹ kọ tèmi, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ géètì, ẹ fi lẹ́tà ńlá kọ ọ́. Oníbàárà tó bá fẹ́ lọ, kó máa lọ. N kò fẹ́ kí ọmọ yẹn padà sídìí irin gbígbóná. Níbo ni kí n fọwọ́ sí?

Ọ̀GÁ: Mú bírò yẹn wá.

ONÍRÉDÍÒ: Mà, mo ní mo gbà.

Ọ̀GÁ: Mo gbọ́. Etí mi kò tíì di. Mú bírò wá.

(Ó gbà á. Ó jókòó, ó tọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì kọ̀wé sórí ìlà náà, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan dúró gedegbe bí èyí tí wọ́n ń kọ sójú pátákó fún ọmọ kíláàsì kìíní. Ó fọwọ́ sí i. Onírédíò na ọrùn.)

ONÍRÉDÍÒ: Orúkọ yín lẹ kọ síbẹ̀, mà.

Ọ̀GÁ: Mo lè ka ohun tí mo kọ.

ONÍRÉDÍÒ: Ẹnu géètì ńkọ́?

Ọ̀GÁ: Èmi ni mo ṣe òfin náà. Ta lo fẹ́ kí n bẹ̀?

(Lóde, agogo bẹ̀rẹ̀ sí í lù. Onírédíò gbá etí tábìlì mú.)

ONÍRÉDÍÒ: Tèmi ńkọ́, mà? Ìlà kan ṣoṣo ló wà.

Ọ̀GÁ: Kọ tìrẹ sí abẹ́ tèmi.

ONÍRÉDÍÒ: Abẹ́ kẹ̀? Ọmọ mi ni, mà. Inú ilé mi ló ti bẹ̀rẹ̀. Tèmi ló yẹ kó ṣáájú.

Ọ̀GÁ: Má rí mi fín, Onírédíò. Ṣé ìwọ ni o kọ́ mi, àbí èmi ni mo kọ́ ọ?